Ó wà, ṣùgbọ́n kò ní fọ́múlà

Kí Thomas Simpson tó di olùkọ́ ìṣirò ní Woolwich, ahunṣọ ni, aláfọ̀ṣẹ sì ni. Wọ́n bí i ní 1710 ní Market Bosworth, ìlú kékeré kan láàárín ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìdí òfì ni bàbá rẹ̀ ti ń jẹun, kò sì fẹ́ kí ọmọ òun máa fi ìwé kíkà pa iṣẹ́ lára. Ní 1724 òṣùpá bo oòrùn lójú, ọkàn ọmọ náà ò sì balẹ̀ mọ́: báwo ni àwọn kan ṣe mọ ọjọ́ tí irú nǹkan báyìí yóò ṣẹlẹ̀ kó tó ṣẹlẹ̀? Alájàpá kan tó ń kiri ọjà yá a ní ìwé ìṣirò àti ìwé ìwòràwọ̀. Kò pẹ́ tí àwọn ará Nuneaton, ìlú tó kó lọ, fi ń wá sọ́dọ̀ rẹ̀ pé kó bá àwọn wò ó. Ìtàn tí wọ́n kọ sílẹ̀ nípa rẹ̀ sọ pé, ní nǹkan bí 1733, níbi tí wọ́n ti fẹ́ pe ẹ̀mí àìrí jáde fún ọmọbìnrin kan, ẹnìkan múra bí Sátánì, ẹ̀rù ba ọmọbìnrin náà débi pé gìrì mú un, Simpson àti ìyàwó rẹ̀ sì kó ẹrù wọn, ó di Derby.

Ọkùnrin yìí kan náà ni Ilé-ẹ̀kọ́ Ológun tó wà ní Woolwich gbà síṣẹ́ ní 1743, ọdún méjì lẹ́yìn tí wọ́n dá a sílẹ̀ láti máa kọ́ àwọn ọ̀dọ́ tí yóò di ọ̀gá nídìí àgbá. Ẹnu iṣẹ́ náà ló wà títí ó fi kú ní 1761. Ọdún tó dé Woolwich gan-an ló tẹ ìwé kan jáde, inú ìwé náà sì ni òfin tí gbogbo ayé ń fi orúkọ rẹ̀ pè wà. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ti ṣe ìṣirò ní yunifásítì, ní Ìbàdàn tàbí ní Ifẹ̀, ti bá Simpson's rule jìjàkadì rí láìmọ̀ pé ẹni tó ni orúkọ náà ti fi àfọ̀ṣẹ jẹun.

Ohun tí òfin náà wà fún kò ṣòro láti sọ. Fa ìlà kan tó tẹ̀ sórí ìwé, kí o béèrè bí ààyè tó wà lábẹ́ rẹ̀ ṣe tó. Bí ìlà náà bá tọ́, ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ á dáhùn. Bó bá tẹ̀, kálíkúlọ́ọ̀sì ní ọ̀nà kan: wá fọ́múlà tó jẹ́ pé bí a bá wo bó ṣe ń yára yí padà, ìlà tiwa yẹn gan-an ni a ó bá níbẹ̀. Fi nọ́ńbà òpin sínú rẹ̀, fi ti ìbẹ̀rẹ̀ náà sí i, yọ ìkejì kúrò nínú àkọ́kọ́, ó bùṣe. Ààyè tí a rí yẹn ni wọ́n ń pè ní integral. Olùkọ́ lè fún kíláàsì ní ogún irú rẹ̀ lọ́jọ́ kan, kí gbogbo rẹ̀ sì jáde wẹ́rẹ́, nítorí pé olùkọ́ ti ṣà wọ́n kó tó wọlé. Ohun tí kì í sábà sọ ni pé àwọn tí kò lè jáde pọ̀ lọ súà.

Mú e^(−x²) bí àpẹẹrẹ. Ìlà rẹ̀ rí bí agogo. Abraham de Moivre, Pùròtẹ́sítáǹtì tó sá kúrò ní Faransé nítorí ìgbàgbọ́ rẹ̀, tó sì ń fi kíkọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò gbọ́ bùkátà ní London, ló kọ́kọ́ rí i pé ìlà yìí ń fara hàn nínú ọ̀rọ̀ oríire àti tẹ́tẹ́. Ó tẹ ìwé kékeré kan lé e lórí ní 1733, ní nǹkan bí ìgbà tí Simpson ń sá kúrò ní Nuneaton. Bó bá jẹ́ x·e^(−x²) ni, kò gba ìṣẹ́jú kan: −½e^(−x²) ni ìdáhùn. Yọ x kan ṣoṣo tó wà níwájú yẹn kúrò, ọ̀nà dí.

Ó dí pátápátá ni, kì í ṣe pé àwọn ènìyàn ò tíì gbọ́n tó. Láàárín ọdún 1833 sí 1841, Joseph Liouville, ará Faransé, fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé kò sí bí ènìyàn ṣe lè to agbára nọ́ńbà, gbòǹgbò, logarithm, sine àti cosine jọ, kó rò wọ́n pọ̀, kó sọ wọ́n di púpọ̀, kó ki ọ̀kan bọ inú èkejì níye ìgbà tó bá wù ú, tí yóò fi rí fọ́múlà fún irú integral báyìí. Ẹni tó bá sọ pé òun rí i ti ṣì í ṣe, a sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí a tó ṣí ìwé rẹ̀ wò.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti oníṣirò nìkan. Nígbà tí ènìyàn bá ní “a kò lè sọ ọ́ tán”, ó lè jẹ́ pé kò tíì mọ nǹkan ọ̀hún. Ó sì lè jẹ́ pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbà á láyè láti lò ni kò ká a. Àwọn oníwàásù ti fi ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún po méjèèjì pọ̀: wọ́n á ní ohun ìjìnlẹ̀ ni, ìjọ á ṣe àmín, kò sì sí ẹni tí yóò béèrè irú ìjìnlẹ̀ wo. Iṣẹ́ Liouville ya ọ̀nà méjèèjì sọ́tọ̀. Ààyè abẹ́ ìlà yẹn wà, ó ní ìwọ̀n, ìwọ̀n rẹ̀ kò sì ṣe iyèméjì rárá. Àwọn ọ̀rọ̀ tó wà nínú àpò wa ni kò dé ibẹ̀.

Ẹ wo bí Simpson ṣe ń rìn ín. A fẹ́ mọ ààyè tó wà lábẹ́ e^(−x²), láti 0 dé 1. Pín ọ̀nà náà sí mẹ́rin, kí o sì wọn gíga ìlà náà ní ojú ibi márààrún: 1, 0.939413, 0.778801, 0.569783, 0.367879. Àwọn méjì tó wà létí, ìgbà kọ̀ọ̀kan. Ìkejì àti ìkẹrin, ìgbà mẹ́rin-mẹ́rin. Èyí tó wà láàárín gbùngbùn, ìgbà méjì. Ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, 8.962265 ni, pín in sí 12, ó di 0.746855. Ìwọ̀n rẹ̀ gan-an bẹ̀rẹ̀ báyìí: 0.746824. Pẹ́ńsù, bébà, kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, ohun tí kò ní fọ́múlà ti bọ́ sí wa lọ́wọ́, ohun tó kù kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá. Pín ọ̀nà sí mẹ́jọ dípò mẹ́rin, àṣìṣe yóò dín kù ní nǹkan bí ìlọ́po 16: 0.746826 ló máa jáde.

(Òótọ́ ibẹ̀ ni pé Simpson kọ́ ló kọ́kọ́ rí òfin náà. Johannes Kepler ti lò ó ní 1615, lẹ́yìn tó bínú sí bí ọlọ́tí ṣe ń ki ọ̀pá bọ inú àgbá wáìnì láti díye lé e nígbà ìgbéyàwó rẹ̀ kejì. Orúkọ Kepler àti àgbá ọtí yẹn ni àwọn ará Jámánì ṣì ń fi pè é títí dòní.)

Ohun mìíràn wà nínú ìlà alágogo yìí tó ń yani lẹ́nu. Bí a bá béèrè ààyè abẹ́ rẹ̀ láti òpin ayé kan dé òpin ayé kejì, ìdáhùn jáde láìṣẹ́kù: gbòǹgbò π ni, nǹkan bí 1.77245. Ọgbọ́n tí wọ́n dá sí i ni pé wọ́n yí ìlà náà ká títí ó fi di òkè roboto, wọ́n wá ń wọ̀n ọ́n ní òrùka-òrùka. Òrùka ló dá x tó sọnù yẹn padà. Pọ́ọ̀lù kọ̀wé sí àwọn ará Kọ́ríńtì pé apá kan ni ìmọ̀ ènìyàn, pé odidi ṣì ń bọ̀. Níbí, odidi ni a mọ̀ délẹ̀délẹ̀. Apá kan ni kò ní fọ́múlà.

Àwọn ọ̀gá Woolwich kò ní àkókò fún irú èyí. Àgbá ni tiwọn. Galileo ti sọ pé ọta tó jáde lẹ́nu àgbá yóò ya ọ̀nà kan tó ní fọ́múlà tó rẹwà, bí afẹ́fẹ́ kò bá sí. Afẹ́fẹ́ sì wà. Benjamin Robins fi hàn ní 1742 pé ọta oníwọ̀n pọ́n-ùn 24 tí fọ́múlà yẹn ní yóò lọ máìlì 16 kì í lọ tó máìlì 3. Bí afẹ́fẹ́ bá ti wọ ọ̀rọ̀ náà, fọ́múlà sá lọ, integral tí kò ṣeé ṣí ló kù. Charles Hutton, ọmọ awakùsà láti Newcastle, yìnbọn sí pákó ńlá tí wọ́n so rọ̀ bí ohun tó ń fì lábẹ́ aago ní Woolwich, ó ń wo bó ṣe fì tó, kó lè mọ eré ọta. Royal Society fún un ní àmì-ẹ̀yẹ Copley ní 1778 nítorí rẹ̀. Francis Bashforth, tí òun alára jẹ́ àlùfáà Áńgílíkà, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọ̀gá ológun níbẹ̀ ní 1864. Ó ta òwú sí ojú fírémù lọ́nà tí ọta yóò máa já wọn bó ti ń kọjá, ẹ̀rọ á sì máa kọ àkókò tí ọ̀kọ̀ọ̀kan já. Ọ̀nà ìṣirò tí òun àti John Couch Adams tẹ̀ jáde ní 1883, igbésẹ̀ kan tẹ̀lé èkejì láìní fọ́múlà, ni àwọn kọ̀ǹpútà ṣì ń lò dòní.

Ìṣirò Woolwich dé Èkó kí àwọn ará Èkó tó dé Woolwich. Ní 1851, Samuel Àjàyí Crowther dé iwájú Ọbabìnrin Victoria, ó sì rọ̀ wọ́n pé kí wọ́n dá sí ọ̀ràn Èkó nítorí òwò ẹrú. Ní òpin oṣù Kejìlá ọdún náà, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì rọ òjò ọta lé Èkó lórí, àti rọ́kẹ́ẹ̀tì irú èyí tí William Congreve ṣe jáde ní Woolwich ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún náà. Ilé jó, Ọba Kòsọ́kọ́ sá, wọ́n dá Akítóyè, tó ti jọba ṣáájú rẹ̀, padà sórí oyè. Ó yẹ kí ẹni tó bá ń yin ìṣirò rántí ìyẹn. Mímọ ìwọ̀n àṣìṣe rẹ kò sọ ibi tó yẹ kí o kọ ojú àgbá sí.

Wàyí o, ilẹ̀ àbàtà Plumstead, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Woolwich, tí wọ́n ti ń dán àgbá wò tẹ́lẹ̀, ló di Thamesmead. Ìgbìmọ̀ Ìlú London Ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ ní àwọn ọdún 1960, ayálégbé àkọ́kọ́ sì kó wọlé ní 1968. Lónìí, ẹni tó bá wọ bọ́ọ̀sì níbẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú yóò gbọ́ Yorùbá kó tó dé Woolwich, yóò sì rí gèlè. Ní àárín ìlú Woolwich, ilé sinimá ńlá méjì kan wà tí wọ́n ṣí ní 1937, wọn kò jìnnà síra wọn. Ilé ìjọsìn ni méjèèjì báyìí: Christ Faith Tabernacle wà nínú Granada àtijọ́, New Wine Church wà nínú Odeon àtijọ́.

Àgbègbè yìí ti jà lórí ohun tí a lè sọ nípa Ọlọ́run rí. Ní 1963, John Robinson, Bíṣọ́ọ̀bù Woolwich, tẹ Honest to God jáde, ìwé pẹlẹbẹ kan tó tà ju mílíọ̀nù kan ẹ̀dà lọ. Ohun tó ń sọ ni pé Ọlọ́run tí a yà bí bàbá arúgbó lókè ọ̀run kì í ṣe Ọlọ́run, pé àwòrán ni, kí a gbé àwòrán náà sọ nù. Inú bí ọ̀pọ̀ ènìyàn, àwọn kan ní kó fi ipò sílẹ̀. Ní ọdún kan ṣáájú, E. Bọ́lájí Ìdòwú, àlùfáà Mẹ́tọ́díìsì, ti tẹ Olódùmarè jáde ní London, ohun tó sì ń jà fún fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òdìkejì. Àwọn òyìnbó kan ti ń wí pé àwọn Yorùbá kò mọ Ọlọ́run nítorí wọn kò ní ère Rẹ̀, wọn kò sì kọ́ ojúbọ fún Un bí wọ́n ṣe kọ́ fún òrìṣà. Ìdòwú ní àìní ère kì í ṣe àìmọ̀. Àwòrán tí ẹni tó ń pe ara rẹ̀ ní onísìn tó lajú ń ṣe wàhálà láti já lulẹ̀ ní Woolwich, àwọn baba Ìdòwú kò tilẹ̀ yà á rí.

Ẹni tó sì wá di Bíṣọ́ọ̀bù Woolwich ní 2017 ni Karowei Dorgu, dókítà tó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Èkó, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di bíṣọ́ọ̀bù nínú Ìjọ Gẹ̀ẹ́sì. Ó di olóògbé ní 2023.

Ìjọ yìí kan náà ti gbìyànjú láti fún ìgbàgbọ́ ní fọ́múlà rí, ẹ̀ka-ọ̀rọ̀ 39, kò lé kò dín. J. J. Sylvester ṣe ipò kejì nínú ìdánwò ìṣirò ní Cambridge ní 1837, ṣùgbọ́n Júù ni, kò lè fọwọ́ sí àwọn ẹ̀ka-ọ̀rọ̀ náà, wọn kò sì fún un ní oyè. Ọ̀kan nínú àwọn oníṣirò tó mú jù lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá lo ọdún 15 ní Woolwich, láti 1855 sí 1870, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ológun tí ọ̀pọ̀ wọn kò fẹ́ràn ìwé. Nígbà tó pé ọdún 55 wọ́n ní kó fẹ̀yìn tì. Cambridge fún un ní oyè ní 1872, lẹ́yìn tí òfin ti yí padà. Fọ́múlà ìgbàgbọ́ wà, ó kúrú, ó sì ṣe kedere, iṣẹ́ tó ṣe jù lọ fún Sylvester ni pé ó tì í síta.

Èwo ló wá sàn fún ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ohun tí kò ní fọ́múlà? Àwọn Yorùbá ní ìdáhùn tiwọn, oríkì ni. Akígbe kì í sọ ọba ní gbólóhùn kan. Ó ń fi orúkọ lé orúkọ ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń fi nǹkan kún un. Àwọn oníṣirò náà ń ki integral yìí: x − x³/3 + x⁵/10 − x⁷/42 + x⁹/216, kò lópin. Fi 1 sí ipò x, kí o máa kà á bọ̀: 1, lẹ́yìn náà 0.667, lẹ́yìn náà 0.767, 0.743, 0.747. Ó ń fì síwá sẹ́yìn, ó sì ń sún mọ́lé. Ibi tí ìjọra wọn parí sí ni pé ẹni tó bá dúró níbikíbi nínú ìkà yìí mọ bí òun ṣe lè ṣì í tó: àṣìṣe rẹ̀ kò lè ju orúkọ tó kàn tí kò tíì pè lọ. Akígbe kò lè sọ bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tó ń retí pé kó sọ ọ́.

Òótọ́ ni pé ààlà tí Liouville fi hàn dá lórí àkójọ ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn yàn. Ní 1647, nígbà tí Grégoire de Saint-Vincent, àlùfáà Jesuit, tẹ iṣẹ́ rẹ̀ lórí ààyè abẹ́ 1/x jáde, ààyè lásán ni, kò tíì ní ipò láàárín àwọn fọ́múlà. Kò pẹ́ tí wọ́n fi mọ̀ pé logarithm ni, ó wọlé, ó sì jókòó pẹ̀lú àwọn àgbà. Ní 1871 J. W. L. Glaisher fún integral e^(−x²) náà ní orúkọ, erf. Ẹni tó bá ṣí Excel yóò bá a níbẹ̀. Síbẹ̀ wọn kò pè é wọ inú àwọn àgbà. Orúkọ ò tó láti gbani wọ agbo, ìwọ̀n rẹ̀ kò sì fi ìdá kan yí padà nígbà tó gba orúkọ.

Nítorí náà àìní fọ́múlà kò gbọdọ̀ ba onígbàgbọ́ lẹ́rù, kò sì yẹ kó máa fi yangàn. Ohun tó ya Simpson ti Nuneaton sọ́tọ̀ sí Simpson ti Woolwich kọ́ ni pé èkejì rí ìdáhùn tó pé. Àwọn méjèèjì ń dáhùn ìbéèrè tí kò ní fọ́múlà. Ṣùgbọ́n ẹni tí aláfọ̀ṣẹ wí fún pé ọkọ rẹ̀ yóò dé ní oṣù Kẹjọ kò gbọ́ iye oṣù tí aláfọ̀ṣẹ lè fi ṣì í. Wòlíì tó ń dá ọjọ́ tí ìwé ìgbélùú yóò jáde láti Home Office kò sọ bẹ́ẹ̀ náà. Bí ọjọ́ bá kọjá, ìgbàgbọ́ oníbèéèrè ni wọ́n á ní kò tó.

Àṣìṣe gan-an ló gba ọkàn Simpson nígbẹ̀yìn. Ní 1755 ó kọ lẹ́tà sí ààrẹ Royal Society pé kí àwọn tó ń wo ìràwọ̀ má ṣe gbára lé ìwọ̀n kan ṣoṣo tí wọ́n rò pé ó dára jù. Kí wọ́n wọ̀n ọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, kí wọ́n mú àárín gbogbo rẹ̀, nítorí pé ìyàtọ̀ á máa pa ara wọn rẹ́. Thomas Bayes, àlùfáà Presbyterian ní Tunbridge Wells, ka lẹ́tà náà, ó sì kọ̀wé sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ John Canton pé ọ̀rọ̀ kù níbẹ̀. Bí irinṣẹ́ bá ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, wíwọ̀n nǹkan lẹ́ẹ̀mẹ́wàá tàbí lẹ́gbẹ̀rún ìgbà kò ní tọ́ ọ. Ìdánilójú ẹni tó ń wọ̀n ni yóò máa pọ̀ sí i. Ní 1757 Simpson tún iṣẹ́ náà tẹ̀, ó sì fi àdéhùn kan sí i tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀: kí ó jẹ́ pé kò sí ohun kan nínú irinṣẹ́ náà tó ń fa àṣìṣe sí apá kan ju èkejì lọ. Ẹni tó bá fẹ́ fi ẹnu wòlíì mẹ́wàá fìdí ọ̀rọ̀ kan múlẹ̀ ní Thamesmead ní láti kọ́kọ́ bá àdéhùn yẹn pàdé, kó sì sọ abẹ́ ẹni tí àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ti kẹ́kọ̀ọ́.